Bí A Ṣe Ń Tọ́ Aṣáájú Dàgbà Láàárín Olùkọ́ àti Òṣìṣẹ́ Yunifásítì, Tí A Sì Ń Mọ Rírì Iṣẹ́ Wọn

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì tó wà ní ìhà Àríwá, láti Zaria níbi tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ahmadu Bello sílẹ̀ ní 1962 títí dé Gwagwalada níbi tí Yunifásítì Àbújá wà, ọ̀nà kan náà ni ènìyàn sábà máa ń gbà di olórí ẹ̀ka: ipò rẹ̀ ti ga tó, ó kàn án, wọ́n sì fún un ní lẹ́tà. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń darí ìpàdé tí ọ̀rọ̀ ti di iyàn, bí a ṣe ń ka ètò ìṣúná, tàbí bí a ṣe ń bá òṣìṣẹ́ tí ó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ wí láìdójú tì í. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹjísítírà àti ní ilé ìkàwé. Àlàyé yìí wà fún díìnì, olórí ẹ̀ka tàbí ọ̀gá ọ́fíìsì tí ó fẹ́ kí àwọn tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun ti mọ̀ ọ́n kí ipò tó kàn wọ́n. Kò gba owó púpọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ń lọ

Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó wà lábẹ́ yín sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún tí oníkálukú yóò fẹ̀yìn tì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2012 fi ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sí 70, ó sì fi ti àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ sí 65, nítorí náà ìṣirò yìí kò ṣòro. Ẹ tún wo àwọn ipò tí ó ní gbèdéke: gíwá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń lo ọdún márùn-ún, kì í sì í tún un lò, ti díìnì àti ti olórí ẹ̀ka kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé bí ẹni tí ń ṣe é kò bá wá mọ́ lọ́la, ta ni ó mọ̀ ọ́n? Níbi tí ẹ kò bá ti rí ìdáhùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ó lè jẹ́ akọ̀wé kan tí òun nìkan mọ ibi tí èsì ìdánwò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wà.

Ẹ yan ènìyàn ní gbangba

Ẹ kọ ìkéde sára pátákó àti sórí WhatsApp ẹ̀ka, kí ẹ sọ irú ẹni tí ẹ ń wá fún ètò kíkọ́ aṣáájú yìí, iye oṣù tí ètò náà yóò gbà, àti ọjọ́ tí ìwé yóò wọlé kẹ́yìn. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fún ọdún kan. Kí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wà níbẹ̀ pọ̀, nítorí wọn kì í sábà jókòó pọ̀: ASUU ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, SSANU, NASU àti NAAT sì ni ti àwọn yòókù, ìjà tí kò yẹ kó wáyé sì ti wáyé láàárín wọn nítorí pé ẹnìkínní kò mọ ohun tí ẹnìkejì ń ṣe.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ohun kan fún àwa Yorùbá tí a ń ṣe ọ̀gá níhìn-ín. Nínú ọ́fíìsì kan ṣoṣo ní Àbújá, ẹ lè bá Hausa, Gbagyi, Igala, Tiv, Nupe àti Igbo. Bí ó bá jẹ́ kìkì àwọn tí ń kí yín ní "ẹ káàárọ̀" ni orúkọ wọn jáde, àwọn yòókù yóò yọwọ́ nínú ètò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ẹ mú tọ́ sí i lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì tí kì í ṣe ẹ̀yà yín bá yín yẹ ìwé wò, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi mú oníkálukú sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìpàdé sí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹ gbé iṣẹ́ gidi lé wọn lọ́wọ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta kì í sọ ènìyàn di aṣáájú. Iṣẹ́ tí ó ní àṣẹ nínú ni ó ń kọ́ni. Ẹ fún olùkọ́ kan ní àtẹ àkókò ìdánwò láti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí gbogbo ènìyàn pé òun ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ẹ fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní iṣẹ́ kíkó fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí ó ní ẹni méjì tí yóò máa darí àti owó díẹ̀ tí yóò jíhìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ẹjọ́ iṣẹ́ náà sùn yín, ẹ ní kí ó padà lọ bá a. Èyí ni ó máa ń ṣòro jù fún ọ̀gá, nítorí a ti mọ́ wa lára pé kí gbogbo ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbà kí ó tó parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba iṣẹ́ náà padà lójú gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò tún ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àgbà kan tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ gan-an, kí ó lè sọ ohun tí ó rú u lójú láìbẹ̀rù. Kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ sì mú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó darí lọ́wọ́. Kí àgbà náà fi ìka tọ́ ìpinnu kọ̀ọ̀kan: ta ni yóò ṣe é? Ọjọ́ wo? Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé "ìpàdé fẹnu kò pé kí a tún ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò ṣe", tí kò sí orúkọ àti ọjọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà yóò ṣe wà títí di ìpàdé mìíràn. Bí ó bá yá, ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò máa béèrè orúkọ àti ọjọ́ kí ìpàdé tó tú ká.

Ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ní owó fún kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, NIPSS, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lórí ètò ìṣèlú àti ìlànà ìlú, ní Kuru, lẹ́bàá Jos, sì wà fún àwọn tí ipò wọn ti ga gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ bọ́sà yunifásítì yín kí ó fi wákàtí méjì ṣàlàyé bí owó ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ yìn wọ́n bó ṣe yẹ

Yinni-yinni kí ẹni ó ṣe òmíràn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ẹni tí ó ti wà nípò ńlá tẹ́lẹ̀ ni à ń fún ní àmì-ẹ̀yẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ti kéde ohun tí ẹ ó yìn: ẹni tí ó kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́, ẹni tí ó parí aáwọ̀, ẹni tí ó mú iṣẹ́ tí ó ti dúró rìn. Kí ẹnikẹ́ni lè dárúkọ ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn tí ń tọ́jú ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ àti awakọ̀. Àmì-ẹ̀yẹ NNOM ti ìjọba àpapọ̀, tí Chinua Achebe kọ́kọ́ gbà ní 1979, wà fún iṣẹ́ ọpọlọ tó ta yọ. Ṣùgbọ́n bí yunifásítì kò bá wo àwọn òṣìṣẹ́ bí awakọ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wò wọ́n.

Lẹ́tà ni mo fẹ́ràn ju gíláàsì tí a kọ orúkọ sí lọ, bí lẹ́tà náà bá sọ ohun tí ẹni náà ṣe. "A dúpẹ́ fún iṣẹ́ takuntakun yín" kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Nígbà tí èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn kò pé, ẹ ṣàwárí fáìlì mọ́kàndínlógún tó sọnù, ẹ sì jẹ́ kí orúkọ wọn bọ́ sínú ìwé NYSC kí ọjọ́ tó kọjá." Kí olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i, kí wọ́n kà á sókè nínú ìpàdé, kí ẹ̀dà kan sì wọ inú fáìlì ẹni náà ní ọ́fíìsì rẹjísítírà. Ẹ̀dà yìí ṣe pàtàkì ju àtẹ́wọ́ lọ, nítorí ìgbìmọ̀ ìgbéga kò sí níbi ìpàdé náà. Fọ́ọ̀mù APER, tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, àti ohun tí ó wà nínú fáìlì ni wọ́n ń rí. Bí owó díẹ̀ bá wà, ẹ fi kún un, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣèlérí owó tí kò tíì sí lọ́wọ́.

Ó ku àwọn tí ẹ kò mú. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sọ ohun tí ó ku díẹ̀ káàtó nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ kan tí yóò ṣe kí ìkéde ọdún tó ń bọ̀ tó jáde.