Ẹ Má Sọ Ìtàn Ìdílé Yín Nù Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún pè mí. Ó ti gba owó jọ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù, ó ti san án fún ẹni tí yóò ṣe wẹ́bùsáìtì ìdílé fún wọn, ó wá ń bi mí pé kí ló yẹ kí òun gbé sí i. Inú bí mi. Ìgbà tí owó bá ti lọ tán ni wọ́n máa ń rántí béèrè. Ẹ ti bá àwọn àgbà jókòó, ẹ ti gba oríkì sílẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó bí ta, n kò ní kọ́ yín nìyẹn. Ibi tí ẹ máa gbé e sí ni mo fẹ́ sọ.

Ìkíní, ẹ má fi wẹ́bùsáìtì olówó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ wẹ́bùsáìtì kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn rà. Ọdọọdún là ń san owó rẹ̀, bí ẹni ń san owó ilé, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń san owó ààyè tí àwòrán àti ohùn wà. Mo ṣe irú rẹ̀ fún agboolé ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Orúkọ mi ni mo fi gbà á, íímeèlì mi ni wọ́n ń kọ̀wé sí, káàdì mi ni wọ́n sì ń yọ dọ́là nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọjọ́ orí káàdì náà pé, ìkìlọ̀ sì ń lọ sí íímeèlì tí n kì í ṣí mọ́. Ìyá àgbà kan nínú ilé kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí àwọn lọ gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó sin ín, ìpolówó tẹ́tẹ́ ni wọ́n bá. Bí ìyá náà ṣe ń ki àwọn baba rẹ̀, tó ń dárúkọ àwọn tí ogun kó lọ, kò sí níbòmíràn, torí mo ti ta fóònù tí mo fi gba ohùn rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó burú.

Ohun tó ṣẹ́kù di òní ni ìwé tí mo tẹ̀ tí mo pín fún ilé márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í gbà á bí ẹnì kan bá ń fi wẹ́bùsáìtì tó rẹwà hàn mí. Ta ni yóò sanwó lọ́dún tí ẹ kò bá sí? Ta ló tún mọ páàsìwọ́ọ̀dù? Láti Okúdù 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, ẹni tó ń fi náírà ra dọ́là mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ má sì rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè kógbá sílé: ní 2009, Yahoo ti GeoCities pa, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe wẹ́bùsáìtì lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ìtàn ìdílé sì wà níbẹ̀.

Ìkejì, ẹ má gbé e sí ibi tí kò mọ ìdí-igi, ìyẹn kí á ka ọmọ sábẹ́ ìyá tó bí i, kí á sì pín ogún ní iye ìyàwó. Ọ̀pọ̀ igi ìdílé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ pé ìyàwó kan ṣoṣo ló máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ, àfi kí èèyàn tẹ ibì kan kí àwọn yòókù tó jáde. Ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu l'Ékòó, olóògbé tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, ní 1962, ìdí-igi ló sì borí. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń pín in, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Ọmọ tí ẹ bá kọ sábẹ́ ìyàwó tí kò bí i, ẹ ti yọ ọ́ kúrò nídìí tirẹ̀ nìyẹn. Mo ti wà ní ìpàdé ìdílé tí wọ́n gbé ewé tí wọ́n tẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì síwájú olórí ẹbí, tí ọmọbìnrin kan ń sunkún pé wọ́n ti sọ ìyá ìyá òun di ọmọ ìyálé. Ẹ kọ́kọ́ fi ọkùnrin kan, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án dán ibẹ̀ wò kí ẹ tó kó gbogbo ilé lọ.

Facebook ń kọ́? Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ lónìí, wàhálà ni kí ẹ tó wá a rí lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ má kọ ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè síta, tàbí orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó lọ́kọ. Báǹkì ṣì ń fi ìyẹn dá èèyàn mọ̀.

Ẹ má yọ àmì ohùn kúrò lórí orúkọ.

FamilySearch àti WikiTree, wẹ́bùsáìtì igi ìdílé, kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n igi kan náà ni gbogbo ayé jọ ń kọ níbẹ̀. Àlejò lè yí baba ńlá yín padà ní òru. Ètò ọ̀fẹ́ ti MyHeritage, wẹ́bùsáìtì mìíràn, kì í gbà ju ẹni 250 lọ, agboolé wo ni ìyẹn tó? Torí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tiyín nínú Gramps, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ igi ìdílé, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wá yọ fáìlì GEDCOM jáde, irú fáìlì tí àwọn ètò igi ìdílé jọ ń lò. Ọ̀pọ̀ ibi ló lè kà á, ilẹ̀ kì í sì í ṣú bá ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé.

Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gba ìyókù owó rẹ̀ padà tí wọ́n bá gbà. Kó fi tẹ ìwé ìtàn náà ní ẹ̀dà ogún, kí ìdí kọ̀ọ̀kan gba márùn-ún, kó gbé àwọn olóògbé nìkan sí FamilySearch, kó sì da ohùn àwọn àgbà sórí fóònù ẹni mẹ́ta tí kì í gbé ilé kan náà. Ó ní òun á ronú sí i.