Bí A Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀rọ Omi Wò Kí A Tó Rà Á Sínú Ilé

Omi ìjọba lè mọ́ lóló títí dé ẹnu ọ̀nà ilé yín, kó wá jẹ́ pé inú ẹ̀rọ omi (tap) tí ẹ fọwọ́ ara yín rà ni òjé (lead) ti máa kó sínú rẹ̀. Òjé kì í yí àwọ̀ omi padà, kì í rùn, ahọ́n ò sì lè tọ́ ọ mọ̀. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù, kò sì sí ìwọ̀n kankan tí dókítà lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn èèyàn wa tó ń tún ilé ìdáná ṣe ní Amẹ́ríkà, àtàwọn tó ń ti ibẹ̀ kó ẹ̀rọ omi sínú kọ̀ǹténà wálé, pé kí wọ́n má torí pé ẹ̀rọ ń dán kí wọ́n rà á. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé.

1. Ẹ mọ ohun tí òfin ń béèrè

Ọdún 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de òjé nínú páìpù omi mímu, ṣùgbọ́n òfin náà ṣì fàyè gba idẹ tí òjé inú rẹ̀ tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń kọ "lead free" sí i lára. Láti ọjọ́ 4 oṣù January ọdún 2014 ni wọ́n ti fà á wálẹ̀ sí ìdá 0.25. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọdún yẹn, ì báà jẹ́ àlòkù, ì báà jẹ́ èyí tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbé e síbi tí ẹ ti ń bomi mu.

Wọn kì í fi ìdá 0.25 yẹn wọn ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ojú ibi tí omi ti ń fara kan ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣírò pọ̀. Ká ní ara ẹ̀rọ náà gba ìdá 90 nínú ojú ibi tí omi ń kàn, òjé inú rẹ̀ sì jẹ́ 0.2. Ká ní kinní kékeré inú rẹ̀ tó ń ṣí omi tó sì ń tì í gba ìdá 10 tó kù, òjé tirẹ̀ sì jẹ́ 1.5. 0.2 lọ́nà 0.9 jẹ́ 0.18, 1.5 lọ́nà 0.1 jẹ́ 0.15, àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.33. Ẹ̀rọ náà ti kùnà, bẹ́ẹ̀ ibi tó tóbi jù lára rẹ̀ kò lábùkù. Bí ilé iṣẹ́ bá pààrọ̀ kinní kékeré yẹn sí èyí tí òjé rẹ̀ jẹ́ 0.5, àpapọ̀ á di 0.23, á sì yege. Téèyàn bá gbé ẹ̀rọ méjèèjì síwájú yín lórí káńtà, ẹ ò lè mọ èwo ni èwo.

2. Ẹ wá nọ́ńbà lára páálí

Nọ́ńbà méjì ló yẹ kí ẹ wá, ìlànà àyẹ̀wò tí Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ ń lò ni méjèèjì. NSF/ANSI/CAN 372 ń sọ ìwọ̀n òjé tó wà nínú ẹ̀rọ. NSF/ANSI/CAN 61 ń sọ ohun tó ń ti ara ẹ̀rọ bọ́ sínú omi, títí kan kẹ́míkà inú ike àti rọ́bà. Lójú tèmi, 61 ló ṣe kókó jù. Wọ́n á rọ omi tí wọ́n ti pò sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, wọ́n á jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n á dà á jáde, wọ́n á sì wọn òjé inú rẹ̀. Ọjọ́ 19 ni àyẹ̀wò náà ń gbà. Irú omi tó sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín ń kọ́kọ́ bù mu láàárọ̀. Òjé tí wọ́n ń gbà láyè fún ẹ̀rọ ilé ìdáná jẹ́ 5 maikirogíráàmù tẹ́lẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ó ti di 1. Ohun tí ẹ ó rí lára páálí ni "NSF/ANSI/CAN 61: Q ≤ 1"; Q yẹn ló dúró fún ìwọ̀n òjé tí wọ́n rí nínú àyẹ̀wò náà.

Àmì nìkan kò tó o. Àmì NSF, ilé iṣẹ́ kan tó ń yẹ ọjà wò, lè wà lára asẹ́ omi kó jẹ́ 42 ni wọ́n kọ tẹ̀ lé e, adùn àti òórùn omi sì ni 42 wà fún, kò kan òjé. Bákan náà, kì í ṣe NSF nìkan ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí 61. UL, IAPMO, CSA àti WQA náà ń fúnni.

3. Ẹ yẹ orúkọ ẹ̀rọ wò lórí ìkànnì

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹ lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tí àmì rẹ̀ wà lára páálí, ẹ tẹ orúkọ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì fi wé tara páálí ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ń tajà bá fi àwòrán ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ṣì lọ wo ìkànnì. Ìwé lè ti kọjá àkókò, ó sì lè jẹ́ ti ẹ̀rọ mìíràn. Tó bá jẹ́ páìpù lẹ ń rà, ẹ wo ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ síbẹ̀: CLD 23 wà fún omi tútù nìkan, D. HOT 60 wà fún omi gbígbóná inú ilé.

Láti oṣù September ọdún 2023, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó mẹ́wàá gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rí pé ọjà rẹ̀ bá òfin òjé mu lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó dá dúró. Àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó mẹ́wàá lè jẹ́rìí ara wọn. Èmi ò ní fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀rọ ilé ìdáná.

4. Ẹ ṣọ́ ẹni tó ń so ó

Okùn rọ́bà tó so ẹ̀rọ mọ́ páìpù gbọ́dọ̀ ní 61 tirẹ̀. Tí wọ́n bá máa fi iná jó páìpù bàbà pọ̀, ohun tí wọ́n fi ń jó o kò gbọ́dọ̀ ní òjé ju ìdá 0.2 lọ. Tí wọ́n bá parí, ẹ tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ gbọn èérún irin inú rẹ̀ dànù, kí ẹ ṣí omi tútù kó ṣàn dáadáa. Omi tútù ni kí ẹ máa fi se oúnjẹ àti mílíìkì ọmọ, torí omi gbígbóná tètè ń yọ òjé. Òfin òjé yìí kò sì kan ẹ̀rọ ṣáwà àti ti ọpọ́n ìwẹ̀, ẹ má bomi mu níbẹ̀.

5. Tí ẹ bá ń gbé e wálé

Omi bọ́hóòlù ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó ní àsíìdì, àsíìdì sì máa ń jẹ idẹ. Ẹ̀rọ tí kò lẹ́rìí á tú òjé sílẹ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe máa tú u sílẹ̀ lókè òkun lọ. Páìpù àti táǹkì tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ni kí ẹ wò lára rẹ̀. NIS 554, ìlànà omi mímu tí SON gbé kalẹ̀, sọ pé òjé kò gbọ́dọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi kan.

6. Ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò

Ẹ má ṣí ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ gba lítà kan àkọ́kọ́ tó bá jáde, láìjẹ́ kí ìkankan ṣàn dànù. Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ gba ìgò kejì, kí ẹ sì kọ "àkọ́kọ́" àti "ìkejì" sára wọn. Tí òjé bá pọ̀ nínú àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ìkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ yẹn àti ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń dà á: ẹ tú u, kí ẹ mú un padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò. Tó bá pọ̀ nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ páìpù tọpa rẹ̀ lọ sínú páìpù tàbí orísun omi, kí ẹ sì máa fi omi mìíràn se oúnjẹ ọmọ títí tí ẹ ó fi rí ibi tó ti ń wá.