Bí Mo Ṣe Yan Ìwé Ẹyẹ Tí Mò Ń Gbé Lọ Sóko

Ìwé ẹyẹ mẹ́ta ló wà nílé mi ní Kàbbà, ọ̀kan péré ló ń bá mi ròde.

Kíkéré ni èyí àkọ́kọ́ fi tàn mí. Ìwé àlòkù ni, ó wọ àpò ṣòkòtò, fọ́tò inú rẹ̀ ń dán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ẹyẹ kan nínú igbó ṣúúrú lẹ́bàá oko wa lọ́nà Ìyàrà: ẹ̀yìn dúdú, àyà pupa bí ata, àtàrí yẹ́lò. Mo ṣí ìwé, mo bá aláyà pupa kan níbẹ̀, mo ti fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ tinú ìwé ní ìlà funfun lápá, orí rẹ̀ sì dúdú. Ìgbà yẹn ni mo tó yẹ ẹ̀yìn ìwé wò: ẹyẹ Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n kó síbẹ̀! Tiwa kò dé ọ̀hún, tọ̀hún kò dé ọ̀dọ̀ wa. Owó mi lọ nìyẹn.

Mo wá ra ìwé ńlá tí Nik Borrow àti Ron Demey ṣe lórí ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 2001. Ìwé gidi ni, ṣùgbọ́n ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Àwòrán níbì kan, àlàyé kíkún níbòmíràn. Ẹyẹ wo ló máa dúró dè ọ́ títí wàá fi ṣí ibi méjèèjì? Orí tábìlì ló wà dòní.

Borrow àti Demey gbé èyí tó fúyẹ́ jáde ní 2004, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014. Àwòrán kọjú sí àlàyé àti máàpù. Ẹyẹ igbó àti tọ̀dàn ló wà níbẹ̀, ó sì bá wa mu, torí ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni Kàbbà àti gbogbo ilẹ̀ àwa Òkun wà. Kò wọ àpò ṣòkòtò o. Àpò oko ló ń wọ̀.

Kí n má tún jìn sí kòtò, mo kọ́kọ́ yá ti ọ̀rẹ́ mi, mo gbé e lọ bá Bàbá mi kékeré. Ọdẹ ni wọ́n, wọn ò mọ̀wé kà. Mo kí wọn bí àwa Òkun ṣe ń kíra wa:

"Òkun o, Bàbá. Ẹ bá mi wo èyí."

Wọ́n ṣí i síbi ẹyẹ kan tí ìyẹ́ apá rẹ̀ pọ́n, tójú rẹ̀ pupa. "Elúlùú! Ojú rẹ̀ náà nìyí." Nígbà tí wọ́n dé ojú ewé ẹ̀gà, wọ́n rẹ́rìn-ín pé oríṣi ẹ̀gà ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìka le abo, èyí tí kò dúdú lórí rárá: "Ìyàwó rẹ̀ rèé. Ẹni tó yà á ti jókòó sábẹ́ igi wọn rí." Fọ́tò inú ìwé àkọ́kọ́ kò ní abo kankan. Akọ ẹ̀gà pàápàá máa ń bọ́ aṣọ yẹ́lò yẹn bí kò bá sí ní ìtẹ́. Ẹni tó ń yàwòrán lè fi gbogbo rẹ̀ hàn lójú kan.

Mo ra tèmi lọ́sẹ̀ yẹn. Merlin, áàpù tó ń bá ni dá ẹyẹ mọ̀, wà lórí fóònù mi náà, kì í sì í nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí o bá ti da àkójọ ẹyẹ agbègbè rẹ sórí rẹ̀. Bátìrì ni kì í dalẹ́.

Ọ̀rá ni mo fi ń wé ìwé náà nítorí òjò. Pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ orúkọ tí Bàbá bá pè sétí ìwé. Lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n fi kòwéè hàn mí, wọ́n pa ìwé dé.

"Ìyẹn kọ́ lẹyẹ tá à ń fìka tọ́ka sí."