Bí mo ṣe tún ìṣirò kòtò yangí wa ṣe

Ìtòsí Mọ̀pà ni kòtò náà wà, ibẹ̀ la ti ń wa yangí fún iṣẹ́ ọ̀nà. Ògiri rẹ̀ kan ga ní mítà 4, ó gùn ní mítà 80, ó sì dúró ṣánṣán. Ewúrẹ́ méjì ti já sínú rẹ̀ lásìkò òjò. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ làwọn ọmọdé ń gbà lọ sódò.

A fẹ́ kí ó dà gẹ̀rẹ́: bó bá ga ní mítà 1, kó tẹ́ ní mítà 3. Mo kọ́kọ́ ṣírò pé ká ru yẹ̀pẹ̀ wá láti ibòmíràn, ó jẹ́ 1,920 kúbíìkì mítà. Owó ìdógò tó bá a rìn, ìyẹn owó tí a ń fi lélẹ̀ láti fi dá wọn lójú pé a ó tún ilẹ̀ náà ṣe, kọjá agbára wa.

Bàbá tó ni oko ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ò lè gé orí rẹ̀ fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?"

Ojú mi là. Tí a bá gé e láti mítà 6 lẹ́yìn etí ògiri, tí katakata tì í sísàlẹ̀, 480 péré ni, ìdá kan nínú mẹ́rin! Ṣùgbọ́n mítà 6 yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ààlà wa, nítorí náà a dá yangí wíwa dúró kí ògiri tó sún mọ́ ààlà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iye tí agbaṣẹ́ṣe mìíràn máa gbà ni mo fi ṣírò ìdógò, kì í ṣe iye epo katakata tiwa. Bí a bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ, owó yẹn ló máa pe ẹlòmíràn wá parí ẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú tí a kó pamọ́ la ó tẹ́ sórí, ká gbin koríko nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.