Bí Ajogún Kan Bá Fárígá: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Bójú Tó Ogún ní Ìkòròdú

Bí bàbá bá kú, tó fi ilé oníyàrá mẹ́jọ sílẹ̀ ní Sábó, tó tún ní oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ṣágámù, ẹni tí wọ́n ní kó bójú tó ogún náà ti rí iṣẹ́. Ilẹ̀ Ìkòròdú kì í ṣe ilẹ̀ àná mọ́. Kí ẹbí tó parí ìpàdé, ẹni tó fẹ́ rà á ti gbé owó dé, ọmọ tí kò lè ní sùúrù ló sì ń wá.

Ẹ má tètè pe ajogún tó ń fárígá ní olè. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pariwo kò mọ iye tó wọlé ni. Ó gbọ́ pé ayálégbé san owó ọdún kan, kò rí kọ́bọ̀, ó wá rí ọ̀kadà tuntun lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ̀yin náà á bèèrè. Ẹ ra ìwé ńlá kan. Ẹ máa kọ ọjọ́, iye, ẹni tó san án àti ohun tí ẹ fi ṣe sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Owó ogún kò gbọ́dọ̀ sùn nínú àkáǹtì tiyín, kódà fún ọjọ́ kan. Owó ìsìnkú àti gbèsè olóògbé ló ń kọ́kọ́ jáde kí ẹnikẹ́ni tó gba ìpín. Ẹ fi iye wọn han gbogbo ẹbí kó tó di pé wọ́n bi yín.

Ẹ gba ìwé àṣẹ. Bí olóògbé kò bá ṣe ìwé ìhágún, ẹ̀ka Probate, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún, ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń fún ni ní Letters of Administration. Láìsí i, báǹkì kò ní dá yín lóhùn, ajogún tó gbọ́n á sì mọ̀ pé ọwọ́ lásán lẹ fi ń jà.

Lórí pípín, ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyàwó mẹ́ta ló wà: àkọ́kọ́ bí ọmọ kan, èkejì bí méjì, ẹ̀kẹta bí márùn-ún. Ní ìdí-igi, ìyẹn pípín sí iye ìyàwó, ojúlé ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní orí-ò-jorí, ìyẹn pípín sí iye ọmọ, ọ̀nà mẹ́jọ ni. Àwọn márùn-ún yẹn á sọ pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tí Privy Council, ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, parí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, fìdí ìdí-igi múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá; olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí ìjà bá wà. Bí olóògbé bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin ìjọba lẹ máa wò. Ẹ bi lọ́yà kẹ́ ẹ tó pín kọ́bọ̀.

Oko ló ń dá wàhálà sílẹ̀ ju ilé lọ. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ti ń dá oko bàbá, ẹ má lọ tu ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wa ohun tó gbìn. Ẹ̀gẹ́ kì í sábà kọjá ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ nílẹ̀. Ẹ jọ fi ọjọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà ni igi tó ń pẹ́ nílẹ̀: ọ̀pẹ, kòkó, ọsàn. Ẹni tó gbin ọ̀pẹ lónìí ń bọ̀ wá sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun ló ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni búlọ́ọ̀kù. Ilé tí ọmọ ẹbí kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí kò sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wó o? Ìgbà tó bá ń da yanrìn ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ pe àwọn tí ẹ jọ pààlà, kẹ́ ẹ ya fọ́tò.

Bí ajogún tó fárígá bá ń gbé inú ilé, ẹ má ran àwọn jàǹdùkú sí i, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti gbé nínú ilé bàbá rẹ̀. Owó yàrá tó ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé ni kó ròyìn. Bí kò bá dá a padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ máa yọ ọ́ nínú ìpín rẹ̀.

Bó bá fẹ́ dá ilẹ̀ tà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, kí lọ́yà sì kọ̀wé sí ẹni tó fẹ́ rà á. Ilẹ̀ ẹbí tí ọmọ kan ṣoṣo tà kò tà rárá lójú òfin.

Bí àgbà ẹbí bá ti sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, ẹ gbé e lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí wọ́n ti ń parí ìjà láìdé kóòtù. Ìjọba Èkó dá a sílẹ̀ ní 1999, wọn kì í gba owó, wọ́n sì máa ń pe ẹnì kejì wá fúnra wọn. Kóòtù ló gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ ìpín, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí iye tó gbà níwájú ẹlẹ́rìí. Bí aláìgbọràn bá kọ̀ láti gba tirẹ̀, ẹ tọ́jú u sínú àkáǹtì ogún, ẹ kọ lẹ́tà sí i pé ó wà níbẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà kan pamọ́, kẹ́ ẹ sì san ti àwọn yòókù.