Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Páìpù Bíréèkì Lábẹ́ Hilux Àtijọ́

Bí páìpù bíréèkì bá máa bẹ́, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá rinlẹ̀ lórí pẹ́dà ló sábà máa ń bẹ́, nítorí ìgbà náà ni ọ́ìlì inú rẹ̀ ń ti ara páìpù pẹ̀lú agbára tó lè ju 1,000 psi lọ. Nínú àwọn Toyota Hilux ọdún 1990 sí 1999 tó ṣì ń kó iṣu àti sìmẹ́ǹtì kiri nílẹ̀ wa, èyí tó gba ara ṣáásí lọ sẹ́yìn ló gùn jù, òun ni ẹrẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ títí tí yóò fi dípẹtà. Tókúnbọ̀ tún burú sí i, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù lókè òkun lè ti jẹ abẹ́ ọkọ̀ náà kí ó tó débí.

Bí páìpù kan bá ti jò, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni lẹ̀ ẹ́. Àwọn kan á ká páìpù táyà tó ń jò, wọ́n á lù ú pẹlẹbẹ, ọkọ̀ á sì máa fi táyà mẹ́ta dúró. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a bá tẹ bíréèkì, àgàgà bí òjò bá rọ̀. Àwọn mìíràn á fi páìpù bàbà àwọn oníṣẹ́ fíríìjì dípò, torí pé ó rọ̀ láti tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n ni bàbà náà ń le sí i, títí yóò fi sán. Páìpù irin tí wọ́n ṣe fún bíréèkì, tàbí èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ̀lì pò pọ̀, ni kí ẹ béèrè ní ọjà, kí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 4.75 mm.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ gbé e sí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, kí ẹ sì fi igi dí táyà iwájú ní ọ̀nà méjèèjì, nítorí táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ọwọ́ ń dì mú. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè ni. Ẹsẹ̀ irin ló yẹ kó gbé e dúró. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì lè fọ́ lójijì láìkìlọ̀. Abẹ́ axle ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, gan-an ni kí ẹ ti ẹsẹ̀ irin náà bọ̀, kì í ṣe abẹ́ ṣáásí, torí pé fáàfù kan wà lẹ́yìn tó ń wo bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe lọ sílẹ̀ láti mọ ìwọ̀n ọ́ìlì tí yóò jẹ́ kó kọjá. Bí axle bá ń rọ̀ dirodiro, fáàfù yìí á rò pé ọkọ̀ kò lẹ́rù, á sì dín ọ́ìlì kù nígbà tí ẹ bá ń fa afẹ́fẹ́ jáde.

Ẹ fi ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà wọ́n àwọn nọ́ọ̀tì láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Sípánà 10 mm tí wọ́n ṣe fún páìpù, èyí tó yí nọ́ọ̀tì ká tó sì lẹ́nu díẹ̀ tí páìpù lè gbà kọjá, ni kí ẹ lò. Sípánà ẹlẹ́nu lásán á kàn jẹ igun nọ́ọ̀tì náà ni. Níbi tí páìpù bá ti pàdé hóòsì rọ́bà, ẹ fi sípánà kejì di hóòsì mú kó má baà lọ́. Ẹ tún lè fi igi ti pẹ́dà sílẹ̀ díẹ̀ kó dúró bẹ́ẹ̀, èyí tí kò ní jẹ́ kí gbogbo ọ́ìlì inú máásítà, ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà, dà nù.

Ẹ na okùn lé páìpù àtijọ́ láti ìkángun dé ìkángun, kí ẹ tẹ̀ lé gbogbo kọ́nà rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ na okùn náà tọ́, kí ẹ sì fi bí ìka mẹ́ta kún un. Ẹ̀rọ kékeré tó ń yí páìpù ká ni kí ẹ fi gé e, ẹ má lo ayùn, torí èérún rẹ̀ á wọ inú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ki nọ́ọ̀tì méjèèjì bọ̀ ọ́. Mo ti ká ẹnu páìpù kan rí tó dán gbinrin, àfi ìgbà tí mo rí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo gé e, mo sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu páìpù Toyota jẹ́ ìṣẹ́po méjì. Ẹ di páìpù sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹnu páìpù, kó yọ sókè ní ìwọ̀n etí irin kékeré bíi kọ́bọ́ tó bá ẹ̀rọ náà wá, ẹ kán ọ́ìlì bíréèkì sí i, kí ẹ sì fún kọ́bọ́ náà wọlé títí yóò fi jókòó. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ó rí i pé etí páìpù ti tẹ̀ sínú. Ìgbà náà ni ẹ ó wá fi irin ṣóńṣó onígun 45° ti ẹ̀rọ náà fún un wọlé tààrà kó lè ṣẹ́po. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí etí kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí ẹ rí ilà tó sán bí irun, ẹ gé e dànù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù ń lo ẹnu tó rí roboto, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ẹ tẹ páìpù náà mọ́ ara ohun roboto, kí ó má baà ká. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tì wọlé, ẹ dá gbogbo kílíìpù padà sára ṣáásí, kí páìpù sì jìnnà sí ẹgisọ́ọ̀sì, kí ẹ tó fi sípánà dè é dé bí 15 N·m (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì).

Ọ́ìlì DOT 3 tuntun tí a kò tíì ṣí ni kí ẹ lò. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí èyí tó ń hó ní 205°C nígbà tó ṣì tuntun fi lè máa hó ní 140°C bó bá ti gbomi. Ẹ má jẹ́ kó kán sí ọ̀dà ọkọ̀ tàbí ojú yín.

Fún bílíìdì, ìyẹn fífa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà jù sí máásítà, ìyẹn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bí sítíárìn bá wà lápá òsì. Ẹ ki rọ́bà funfun bọ nípù, ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lẹ́yìn táyà, kí ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú ọ́ìlì nínú ìgò. Olùrànlọ́wọ́ á tẹ pẹ́dà, á dì í mú, ẹ ó ṣí nípù, ẹ ó dí i kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ fi pákó sábẹ́ pẹ́dà kó má baà kanlẹ̀, torí rọ́bà inú máásítà àtijọ́ lè ya bó bá wọ ibi tó ti dípẹtà. Ẹ má gbàgbé nípù ara fáàfù ẹ̀yìn náà, ẹ má sì jẹ́ kí ọ́ìlì inú máásítà gbẹ.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ gidi fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń rọra lọ sílẹ̀, ọ̀nà kò tíì yá. Bó bá dúró gbọin, ẹ wà á jẹ́jẹ́ níbi tí kò sí èrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi bébà funfun nu gbogbo ojú ìsopọ̀. Bí ọ̀kan bá rẹ bébà, ẹ má kàn máa fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́ sí i. Ẹ tú u, kí ẹ sì tún ẹnu páìpù náà ṣe.