Kámẹ́rà Kékeré Wo Ni Kí N Rà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Olùkọ́ obìnrin kan ní Òmù-Àrán ni ó ń fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́ sí mi ní Ìlọrin, lẹ́yìn tí ó gbọ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo kámẹ́rà kékeré, tí mo sì máa ń tú u láti tún un ṣe. Mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo máa ń ya fọ́tò níbi ayẹyẹ iléèwé wa. Fóònù mi ń gbìyànjú lọ́sàn-án gangan, ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ inú gbọ̀ngàn, ojú àwọn ọmọ á di bàìbàì, á sì dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n yanrìn sí i. Ọlọ́jà kan ní Òpópónà Táíwò fi kámẹ́rà méjì hàn mí. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, wọ́n kọ megapixel 48 sí i lára, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, Sony RX100 àkọ́kọ́, megapixel 20 péré, síbẹ̀ owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tuntun. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Tísà, ẹ jẹ́ kí a pa ọ̀rọ̀ megapixel tì ná. Iye ẹyọ tóńtó tí kámẹ́rà pín àwòrán sí ni ó ń sọ, kò sọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé, bẹ́ẹ̀ àìtó ìmọ́lẹ̀ gan-an ni àìsàn tí ó ń ṣe fọ́tò yín. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ fọ́tò sórí ìwé A4 kí ó sì mọ́ dáadáa, megapixel 9 ti tó.

Ohun tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ni pátákó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sensor. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà alápò, kò ju mìlímítà 6.2 sí 4.6 lọ, àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ sì wà. Ti RX100, tí Sony gbé jáde ní ọdún 2012, jẹ́ mìlímítà 13.2 sí 8.8, èyí tí ó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin. Bí òjò bá ń rọ̀ tí ẹ gbé ife kan àti agbada kan sí ìta, òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tí yóò gba omi jù. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, ńṣe ni kámẹ́rà ń sọ ìwọ̀nba tí ó rí gbà di púpọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn yí ohùn rédíò tí kò mú ibùdó rẹ̀ dáadáa sókè: ọ̀rọ̀ á ga, híhó á sì ga pẹ̀lú rẹ̀. Híhó yẹn ni yanrìn tí ẹ ń rí lójú àwọn ọmọ.

Àwọn oníṣòwò máa ń pe sensor yìí ní ti ínṣì 1. Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n o, nítorí láti igun dé igun rẹ̀, kò ju mìlímítà 16 lọ. Ìgbà tí wọ́n ń fi túùbù onídígí ṣe kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti jogún orúkọ náà, a kò sì rí ẹni tí yóò yí i padà.

Ní ti 48 yẹn, sensor inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí lára kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kámẹ́rà náà kàn ń fa àwòrán kékeré tí ó yà fẹ̀ ni, bí ìgbà tí ènìyàn bu omi lu ọbẹ̀ nítorí pé àlejò pọ̀. Tòkunbọ̀ ni èmi yóò rà, bí ara rẹ̀ bá le.

Ìbéèrè: Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà náà ní tuntun yẹn lè fa ohun tó wà lọ́nà jíjìn súnmọ́ ní ìlọ́po 16, pé ti Sony kò tó mẹ́rin. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo sì sábà máa ń wà.

Ìdáhùn: Fífà-súnmọ́ méjì ló wà. Nínú èyí tòótọ́, lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ń rìn. Nínú èkejì, kámẹ́rà ń gé àárín àwòrán jáde, ó sì ń fẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì náà tí ẹ kò rí kí lẹ́ńsì mira tàbí kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀, tí àwòrán sì ń rú bí ó ṣe ń tóbi, ayédèrú ni, ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé lórí fóònù yín.

Èyí tòótọ́ pàápàá ní owó orí tirẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé lẹ́tà f lójú lẹ́ńsì ń sọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí nọ́ńbà yẹn bá sì ṣe kéré tó ni ẹnu ṣe fẹ̀ tó. RX100 àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti f/1.8, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á dé òpin, ó ti di f/4.9, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn gbọ̀ngàn sílẹ̀, kí ẹ rìn lọ síwájú. Bí ẹ kò bá lè rìn, ẹ wá Canon G7 X ti ọdún 2014: sensor rẹ̀ tó ti Sony yìí, ibi kan náà ni lẹ́ńsì rẹ̀ ń fà dé, ṣùgbọ́n f/2.8 ni ó jẹ́ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà sì tó ìlọ́po mẹ́ta ti Sony. Ó kàn wúwo jù ú lọ díẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti pinnu lórí Sony náà. Ọlọ́jà ní ọjà tí a bá ti rà kì í ṣe é dá padà. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú. Ẹ tan kámẹ́rà náà, kí ẹ pa á, bí ìgbà márùn-ún, kí ẹ sì dẹ etí sí lẹ́ńsì bí ó ṣe ń jáde tí ó ń wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bí ẹni ń jẹ yanrìn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ sì máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí bọ́tìnnì róbótó orí rẹ̀ sí A, níbi tí ẹ ti lè fúnra yín yan bí ẹnu lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sún f dé 11, kí ẹ ya ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu, tàbí ògiri funfun, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ wo àwọn fọ́tò náà tóbi. Àmì dúdú tí ó bá wà lójú kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ eruku tí ó ti wọ inú. Nínú kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣeé yọ, ènìyàn lè nu sensor fúnra rẹ̀. Nínú kámẹ́rà alápò, àfi kí wọ́n tú u palẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò, òun ni ó sì ń mú kí oníṣẹ́ bí èmi máa rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ tún ní kí wọ́n fi ibi tí a ti ń yan èdè hàn yín. Èdè Japan nìkan ni Sony tí wọ́n ṣe fún ọjà ilé wọn níbẹ̀ ń sọ, kò sì sí ibi tí ẹ óò ti yí i. Ẹ yọ bátìrì, kí ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ sì ta á: bí ó bá yí bí òkòtó, ikùn rẹ̀ ti wú. Ẹ rí i pé fíláàṣì ń dìde, ó sì ń tàn.

Ìbéèrè: Mo ti rà á, ó dára. Ọyẹ́ ti dé báyìí, ọ̀gá kan níléèwé wa sì sọ pé kámẹ́rà irú èyí kì í la ọyẹ́ kọjá. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó súnmọ́ òótọ́, mo sì fi owó ara mi kọ́ ọ. Ní oṣù January ọdún kan, mo lọ ya àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dáda, lágbègbè Òkèlele níbí. Wọ́n ń sun ìkòkò, ọyẹ́ ń fẹ́, eérú àti eruku pọ̀ mọ́ra wọn lójú afẹ́fẹ́, èmi sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ ní títàn fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí mo fẹ́ pa á, lẹ́ńsì dúró sí agbedeméjì. Ọ̀rọ̀ tí ó yọ lójú rẹ̀ ní kí n pa á kí n sì tún un tàn. Dípò kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo fi ìka tì í. Eyín ọ̀kan nínú àwọn àgbá kéékèèké inú rẹ̀ kán, owó lẹ́ńsì tuntun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kámẹ́rà.

Ohun tí ó ń fà á ni pé lẹ́ńsì wọ̀nyí jẹ́ ihò nínú ihò, ìgbàkígbà tí wọ́n bá jáde tàbí wọlé, wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gbé eruku wọlé. Nítorí náà, ẹ má máa tàn án, kí ẹ má máa pa á lemọ́lemọ́ nínú ìjì eruku. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ bá ti yà tán, ẹ pa á, kí ẹ fi sínú ọ̀rá tí ó ṣeé dì kí ó tó wọ báàgì. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ojú lẹ́ńsì, itọ́ á bá a lọ. Rọ́bà tuntun tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọ ọwọ́, tí ẹ óò rí ní ilé oògùn, dára jù: ẹ dojú kámẹ́rà délẹ̀, kí ẹ sì fi fẹ́ ẹ.

Kámẹ́rà kan wà tí kò mọ ọyẹ́ rárá, Olympus TG-6 ti ọdún 2019, nítorí pé lẹ́ńsì rẹ̀ kì í jáde síta, wọ́n sì dí ara rẹ̀ mọ́ eruku àti omi tó jìn tó mítà 15. Sensor kékeré ni ó ní. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ láti ya títì tí wọ́n ń ṣe, òun ni ǹ bá ní kí ẹ rà. Inú gbọ̀ngàn ni tiyín.

Ìbéèrè: Mo ra káàdì 128GB ní olówó pọ́ọ́kú. Àwọn fọ́tò àkọ́kọ́ ṣí, àwọn tó tẹ̀lé wọn kò ṣí mọ́. Ṣé kámẹ́rà ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Káàdì ni. Ayédèrú ń sọ fún kámẹ́rà pé ààyè òun tó 128GB nígbà tí kò tó ìdajì rẹ̀, ohun tí ẹ bá kó sí i lẹ́yìn tí ó kún á sì ṣòfò. Ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní H2testw dán an wò, yóò kó nǹkan kún un, yóò sì kà á padà. Káàdì 32GB gidi á gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò.

Ìbéèrè: Fọ́tò inú gbọ̀ngàn ti mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń jó ṣì ń di bàìbàì, bẹ́ẹ̀ mo tan ohun tí ń mú kámẹ́rà dúró. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó kó wọn lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Èsìẹ́, ṣé kí n lo fíláàṣì níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọwọ́ yín ni ohun yẹn ń mú dúró, kì í mú oníjó dúró. Ẹ yí bọ́tìnnì róbótó náà sí S, níbi tí ẹ ti ń yan bí kámẹ́rà yóò ṣe pẹ́ tó lórí gbígba ìmọ́lẹ̀, kí ẹ mú ìdá 250 ìṣẹ́jú àáyá fún ijó, ìdá 125 fún ẹni tó dúró sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ di púpọ̀, gòkè fúnra rẹ̀ dé 3200. Yanrìn díẹ̀ á yọ, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ á dá ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Ní Èsìẹ́, òdìkejì rẹ̀ ni ẹ óò ṣe. Ilé náà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945 gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ni wọ́n kó ère òkúta tó lé ní 800 sí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó o bóyá a lè ya fọ́tò. Bí wọ́n bá gbà, ẹ pa fíláàṣì, nítorí pé iwájú nìkan ni ó ń tàn sí, á sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọnà ojú ère tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ sún un sí ìdá 15 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ fún ìgúnpá mọ́ ìhà, kí ẹ sì lo aago ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ìka yín má baà mi kámẹ́rà. Ère kì í mira. Ọmọ tó bá fẹ́ kí ẹ ya òun pẹ̀lú ère nìkan ni ẹ óò máa bẹ̀.